Ọ̀rọ̀ Àbúrò Lára Ògiri

Obìnrin kan wà tó ń dirun lójú títì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó tún rántí orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá Olówe ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kì í ṣe pé ó ń pòwe ju àwọn ẹlòmíì lọ. Ohun tó fún un lórúkọ náà ni pé ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ bí àwọn obìnrin mìíràn ṣe ń kó àwo jọ. Bí oníbàárà bá jókòó sórí àga rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ lásán, tó wá ṣèèṣì bọ́ sórí gbólóhùn kan tó wọni lọ́kàn, òòyà Ìyá Olówe á dúró lójú kan. Á ní, "Tún un sọ." Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tó gbálẹ̀ tán, á mú pátákó pẹlẹbẹ kan nínú èyí tí ọkọ rẹ̀ gé fún un, á ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà funfun, á sì kọ ọ̀rọ̀ náà sí i gàdàgbà gàdàgbà.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wúwo. Àwọn aládùúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ lọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òun ló ń bá a kan àwọn pátákó náà mọ́ ògiri.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún kò tóbi. Dígí gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tí etí rẹ̀ kan ti sán, ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun tó máa ń hó bí ìkòkò tó wà lórí iná, àwọn àga, àti bẹ́ǹṣì kan lẹ́nu ọ̀nà fún àwọn tó ń retí ìgbà tó máa kàn wọ́n. Gbogbo ibi tó kù lára ògiri, ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tó ní, *Ẹni tó bá fi ìbínú ra aṣọ, aṣọ náà kì í bá a lára mu.* Aránṣọ kan ló sọ ọ́. Ọ̀kan wà láti ẹnu olùkọ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì: *Ọjọ́ orí kọ́ ni àgbà, ohun tí a ti dákẹ́ lé lórí ni.* Ìyàwó tuntun kan ló sọ èyí tó ń pa gbogbo ènìyàn lẹ́rìn-ín pé ọkọ tó bá dúpẹ́ oúnjẹ ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Olówe kì í kọ òwe àtijọ́ síbẹ̀. Ó ní òwe àwọn baba wa ti nílé tirẹ̀, èyí tí kò tíì nílé ni òun ń gbà sọ́dọ̀.

Kì í kọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Kì í sì tọrọ. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn rí pé ó yẹ kí òun tọrọ, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn bá dé ògiri a máa mú ọ̀rẹ́ wọn wá wò ó, wọ́n á máa yan bí ẹni gba oyè. Ó wá jọ ọ́ lójú pé oore ni òun ń ṣe fún aráyé.

Ó ní àbúrò kan, obìnrin, àbúrò kan ṣoṣo náà ni. Ìyá wọn ti kú kí èyí àbúrò tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, Ìyá Olówe ló sì tọ́ ọ dàgbà. Àárín eékún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń jókòó dirun láti kékeré. Nígbà tó dàgbà, ó ríṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀, ó ń lọ aṣọ níbẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lọ̀ débi pé àwọn ènìyàn a máa béèrè pé kó jẹ́ òun ni yóò fọwọ́ kan tiwọn. Ó fẹ́ awakọ̀ kan. Ọmọ kò tètè dé. Ìyá Olówe, tó ti bímọ mẹ́rin láì retí ìkankan pẹ́, a máa fi ojú pamọ́ fún un nígbà tí oyún kan bá tún wọlé. Nígbà tí ìdùnnú wá dé sílé àbúrò, obìnrin ló bí. Ọmọ náà sanra, ó tutù lójú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó fúnra rẹ̀ láìfi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀ ni àìsàn dé. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn kò gbé e padà wálé.

Ìyá Olówe ṣe gudugudu méje nígbà náà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ ń sùn nílé àbúrò rẹ̀, ó ń se oúnjẹ, ó ń fọ abọ́, òun ló ń dá àwọn olùbánikẹ́dùn lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò ṣe ohunkóhun ni ìyá ọmọ. Kò sunkún, kò sọ̀rọ̀, bí a bá gbé oúnjẹ sí iwájú rẹ̀ á jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Nígbà tó yá, ó dìde, ó padà síbi aṣọ lílọ̀. Àwọn ènìyàn ní ó ti gbé e kúrò lára.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí kò sí oníbàárà kankan, àbúrò yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Irun rẹ̀ ti wú, ó ti so kókó. Kò jókòó sórí àga. Ó fa àpótí kékeré kan sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jókòó sáàárín eékún rẹ̀ bíi ti ìgbà èwe. Ìyá Olówe fi ìpara kùn ún lórí, ó ń tú kókó irun náà ní wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́. Òjò ń lu páànù. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àbúrò tó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, tó wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ohun tí wọ́n yá a, tó wá sọ pé:

"Ọwọ́ tó ti gbé ọmọ rí, bí ọmọ bá bọ́, kì í mọ ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí."

Ọwọ́ Ìyá Olówe dúró lórí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nínú ní ìṣẹ́jú náà ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi pẹ́ púpọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Kó tó rántí pé àbúrò òun ló ń sọ̀rọ̀, kó tó rántí ọmọ, inú rẹ̀ ti dùn ná, bí inú ọdẹ ṣe ń dùn bí igbó bá mì. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Tún un sọ."

Àbúrò rẹ̀ tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló fi orí lé eékún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé ìwòsàn dé. Ìyá Olówe ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹnu rẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ náà wúyẹ́ wúyẹ́ kó má baà gbàgbé.

Kò kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó bá ara rẹ̀ jà díẹ̀. Ó ní kò yẹ. Ó tún ní bí òun ò bá kọ ọ́, yóò sọnù, ọmọ náà náà yóò sì sọnù pátápátá. Bí a bá kọ́ ọ̀rọ̀ náà sára ògiri, ṣebí ìrántí ni. Ènìyàn kì í wá àwáwí tì. Ó kọ ọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kà á, ó gbójú sókè wò ó, ó bi í pé, "Ṣé ó mọ̀?" Ìyá Olówe ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Káfíńtà gbé òòlù rẹ̀, ó jáde. Pátákó yẹn nìkan ni Ìyá Olówe fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn mọ́ ògiri.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ gbé e sí, níbi tí ojú kì í tètè dé. Ṣùgbọ́n ojú àwọn obìnrin dé ibẹ̀. Ẹni tó bá kà á a mí kanlẹ̀. Ẹnìkan sunkún. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní nínú gbogbo ohun tó wà lára ògiri yẹn, èyí ni baba. Ìyìn a máa pa ènìyàn bí ọtí. Nígbà tó ṣe, Ìyá Olówe yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ dígí, kí gbogbo ẹni tó bá jókòó lè máa rí i. Ìrọ̀lẹ́ ni àbúrò rẹ̀ ń kúrò níbi iṣẹ́, kì í sábàá yà síbẹ̀. Ìyá Olówe kò ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn bá ti ń kà, kì í pẹ́ di eré. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́, ọmọbìnrin kan wọlé tó ní wọ́n ti jí fóònù òun nínú ọkọ̀. Wọ́n ń kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀. Ó wo pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ó yí ẹnu, ó ní ọwọ́ tó ti gbé fóònù rí, bí fóònù bá bọ́, kì í mọ ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí. Ẹ̀rín sọ. Ìyá Olówe náà rẹ́rìn-ín. Ì bá tiẹ̀ dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára kó jẹ́ òun ni yóò sọ èyí tó dùn jù, ló bá fi kún un pé kí ọwọ́ náà gbé ara rẹ̀ sínú àpò, ṣebí àpò náà ti ṣófo. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú.

Inú dígí ló ti rí i. Àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kó àwọn tówẹ́ẹ̀lì ṣọ́ọ̀bù náà dání, èyí tó máa ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ̀ lófẹ̀ẹ́, tó sì máa ń kó fún un nílé tẹ́lẹ̀. Ó ń ka pátákó. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń kà á, bíi ti ẹni tí kò dá lójú pé òun mọ ìwé. Ó kà á dé òpin. Ó wọlé, ó kó àwọn tówẹ́ẹ̀lì lé orí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ tẹ́ wọn, ó tún etí wọn ṣe kí wọ́n dọ́gba. Ó kí gbogbo ilé pé wọ́n kú iṣẹ́. Ó sì lọ.

Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ta nìyẹn. Ìyá Olówe ní àbúrò òun ni. Orí kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti dì dé àárín, kò sì ṣeé fi sílẹ̀, ló bá ń bá a lọ, ó ń dì, ó ń tú, ó ń fa irun onírun débi pé obìnrin náà ń kígbe. Bó bá gbójú sókè, dígí ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀ tó ń wo ara rẹ̀. Ojú tì í débi tó jẹ́ pé ó ń gbọ́ ooru etí ara rẹ̀. Ì bá wu ú kí ilẹ̀ lanu.

Ó yọ pátákó náà nígbà tí wọ́n lọ tán. Ó bẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, ó fi dáná. Àmọ́ iná kì í jó ohun tó ti wà lẹ́nu. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì fa rọ́bà tó ti jò jáde, ó sì ń sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé ọwọ́ tó ti gbé táyà rí… Ìyá Olówe yára wọlé. Ó tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta ẹ̀pà, ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó fẹ́ máa dá ènìyàn dúró lọ́nà kó ní kí wọ́n má sọ ọ́ mọ́. Kí ni yóò wá sọ fún wọn pé ó fà á?

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á, ó lọ sílé àbúrò rẹ̀. Awakọ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa, ó sì jáde lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀. Àbúrò kúnlẹ̀ kí i. Ó gbé àga fún un. Ó bu omi fún un nínú ife tó dára jù nínú ilé, ó gbé e sórí àwo. Ìgbà yẹn ni Ìyá Olówe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà burú. Láti ọjọ́ tó ti ń wọ ilé yẹn, ìkòkò ló máa ń lọ ṣí fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ife àlejò fún un rí.

Ó fi ife náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó ní ṣebí ahọ́n àti eyín, bí wọ́n ti ń gbé pọ̀ tó, wọ́n máa ń…

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ wí, "ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ bẹ̀ mí."

Ìyá Olówe wá inú ara rẹ̀ títí fún ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ tirẹ̀. Òun tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá ka ògiri rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Níkẹyìn ló sọ pé, "Ohun tí mo ṣe kò dáa. Ojú ń tì mí."

Àbúrò rẹ̀ mirí. Ó ní, "Lọ́jọ́ òjò yẹn, nígbà tí ọwọ́ yín dúró lórí mi, mo rò pé ẹkún ló gbà yín. Ẹ ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, torí mo rò pé ẹ fẹ́ bá mi gbé e. Àṣé ẹ ń há a sórí ni."

Ó wu Ìyá Olówe kó parọ́, kó ní ẹkún ni lóòótọ́. Kò lè parọ́ náà. Àbúrò rẹ̀ bi í pé ta ló sọ ti àpò. Ó ní òun ni. Àbúrò ní òun mọ̀, òun mọ ohùn rẹ̀, òun kàn fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀ ni. Kò gbé ohùn sókè títí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó sìn ín dé ẹnu géètì, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó sì dúró títí tó fi yí kọ́nà, bí a ti ń ṣe fún àlejò.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Olówe ti ń wo àwọn pátákó tó kù bí ẹni tó ń wo ẹrù tí kò mọ bí òun ṣe kó o. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó ni wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó fi í sílẹ̀. Aránṣọ ní ìwọ̀nba ohun tí ayé mọ òun mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà, akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan, tó ti sọ nígbà kan pé ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni, tó tún ń ṣe bí ẹni gbà á gbọ́, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ti pẹ́ tí kò wá dirun mọ́, Ìyá Olówe sì ti rò pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló wù ú. Ìyá Olówe lọ bá a ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ọkọ òun wá mú òun ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó kà á lára ògiri, kò sì béèrè ẹni tó sọ ọ́, ó ti mọ̀ pé ẹnu òun ló ti jáde. Kò béèrè nǹkan kan títí wọ́n fi délé. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun gbogbo. Obìnrin náà kò bú u. Ó kàn ní, "Mo rò pé irun ni mo wá dì lọ́dọ̀ yín ni, mà."

Ìyá Olówe padà délé, ó ní kí ọkọ òun wá bá òun yọ gbogbo rẹ̀. Káfíńtà yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tọ́ àwọn ìṣó náà, kò sì sọ pé ṣebí mo wí. Èyí náà dun Ìyá Olówe. Ihò ìṣó kún ara ògiri, àwọn oníbàárà ń béèrè, ó ní òun fẹ́ kun ilé ni. Ó kun ún lóòótọ́. Iṣẹ́ dín kù díẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kíkà ni wọ́n ń wá kà.

Àbúrò rẹ̀ kò bínú ní gbangba. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, á kí i. Ọjọ́ kan, Ìyá Olówe wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tò fún omi, ó sì rí irun rẹ̀. Ó rí i pé ọwọ́ ẹlòmíì ló pín in. Ìlà rẹ̀ wọ́ díẹ̀ lápá òsì, ẹni tó dì í kò sì mọ̀ pé orí yẹn a máa dùn ún lẹ́yìn etí, ó fà á le jù. Ó na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ bá a dẹ̀ ẹ́. Ó tún fà á padà. Ó fi ìlà omi sílẹ̀, ó gbé korobá rẹ̀ lófìfo, ó lọ sílé.

Ọdún yípo. Awakọ̀ ríṣẹ́ tó dára sí ìlú mìíràn, wọ́n sì ń kó lọ. Ìyá Olówe kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó lọ ní kùtùkùtù, ó wé gèlè iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di abọ́ sínú páálí. Àbúrò rẹ̀ kò sọ pé kó wá, kò sì sọ pé kó lọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi mú, ohun tí wọ́n sì sọ kò ju pé bá mi di ibí yìí mú, ṣọ́ra fún ìgò yẹn.

Nígbà tí yàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán, àbúrò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa báàgì kékeré kan jáde. Ó jókòó tì í sílẹ̀. Ìyá Olówe ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó ṣí i: aṣọ ọmọ, fìlà olówùú, ìbọ̀sẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Kòkòrò ti ń ba wọn jẹ́. Àbúrò wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi tún wọn ká. Mi ò lè ká wọn."

Ìyá Olówe jókòó sílẹ̀. Ó ká wọn níkọ̀ọ̀kan lórí itan rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n ká tó àbúrò rẹ̀, iṣẹ́ ẹni náà ni, ó sì rí i pé àbúrò rẹ̀ ń wo ọwọ́ òun. Ojú ń tì í bó ṣe ń ká wọn, ó tì í ju ọjọ́ tówẹ́ẹ̀lì lọ, nítorí pé wọ́n tún ti fọkàn tán an. Nígbà tó ká fìlà tán, àbúrò rẹ̀ sọ ohun kan nípa ọmọ náà, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Ìyá Olówe kò ní kó tún un sọ. Ó sún mọ́ ọn títí èjìká wọn fi kan ara wọn, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí awakọ̀ fi fọn fèrè níta.

Wọ́n kó ẹrù tó kù. Àbúrò kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó dìgbà, ó ní tí wọ́n bá ti ríbi jókòó sí, òun á pè. Kò sọ ọjọ́. Ọkọ̀ ṣí.

Bí Ìyá Olówe ṣe ń sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bàbá tó ń lẹ táyà bi í bóyá àwọn àbúrò ti kó lọ. Ó tún ní ọ̀rọ̀ ìdágbére kì í wọ́n lẹ́nu irú rẹ̀, kí ló sọ fún wọn?

Ó ní, "Mo ní kí wọ́n rọra máa lọ." Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì tan ẹ̀rọ irun, nítorí oníbàárà kan ti jókòó dè é lórí bẹ́ǹṣì.